Etí Omi Haukiniemi Kì Í Ṣe Ẹrù Ìyàwó

Haukiniemi,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1969.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlú onílùú. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé Àǹtí Aune ń jẹ́ kí etí yín sinmi ní Swídìn yẹn, àbí ó ṣì ń sọ̀rọ̀ títí kan ìgbà tó bá ń jẹun? Ní tèmi, ẹ má ṣèyọnu rárá. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lónìí tí mo ti di ìyàwó Reino Halttunen, bí mo bá sì jí láàárọ̀, ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ nà wò bóyá ó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé àlá ni mo ń lá. Ó wà níbẹ̀, Màmá! Ojoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀! Ó ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń fa gẹdú, èmi á sì jókòó tì í, màá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sín ní gbẹ́rẹ́ ẹ̀rín.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀, ìgbéyàwó sì jẹ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ pásítọ̀ dilẹ̀, ọjọ́ kan náà ni àwọn tó ni ọkọ̀ tí Reino fẹ́ rà ní kí ó wá gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò fọ́ ọ tà bí irin àlòkù. A bá ṣe ìgbéyàwó láàárọ̀, a lọ gba ọkọ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣì wọ aṣọ funfun mi nígbà tí mo wọ inú yàrá ẹ́ńjìnnì. Àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ, mi ò sì fẹ́ kí ó lọ.

Ẹ mọ ọkọ̀ náà. Lahja ni, èyí tó fa gẹdú kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa fún ogójì ọdún. Nísinsìnyí tí ọkọ̀ ilẹ̀ ti gba iṣẹ́ gẹdú, èrò ni Reino fẹ́ máa fi gbé. Ó ti kan àga gígùn mẹ́wàá síbẹ̀. Ó ti kun ihò èéfín rẹ̀ ní pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọwọ́ mi kò lè dì mọ́ nǹkan, wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá ilé ìdáná ọkọ̀!

Ìlú ti yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò mú ìrìnàjò afẹ́ gbòòrò lórí adágún Saimaa. Ta ni alága? Ọ̀gbẹ́ni Kolehmainen, ẹni tó bì nínú ọkọ̀ àjẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tù ú lọ sí ìsìnkú. Ó gbé àwòrán adágún kọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó fi òwú pupa so Lappeenranta mọ́ Savonlinna, ó so Savonlinna mọ́ Kuopio, ó wá yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, omi wa pọ̀." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sórí omi náà kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà omi tó lọ sí òkun ṣí lọ́dún tó kọjá, àwọn ará Jámánì ti ń béèrè ọkọ̀ tí yóò gbé wọn káàkiri erékùṣù. Ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dúró. Níbo ló tún dára ju èbúté wa lọ? Àpáta ibẹ̀ dà lọ gbọnrangandan sínú ibú, ọkọ̀ ńlá lè fi ara tì í láìkan ìsàlẹ̀. Sáúnà wa sì wà lẹ́bàá rẹ̀ gan-an. Kolehmainen ní àwọn ará Jámánì ń kú lọ nítorí sáúnà, pé wọ́n fẹ́ jókòó nínú ooru òkúta kí wọ́n bẹ́ sómi.

Màmá, ìwé péńpé kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: pé ẹ̀yin tí ẹ ni etí omi Haukiniemi gbà kí Lahja dúró ní èbúté, kí èrò sì lo sáúnà. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin, kí yìnyín tó yọ́ lójú omi. Bí a kò bá ní ibi ìdúró, Pulkkinen aládùúgbò wa ni wọn yóò gbé e fún, ẹ sì mọ̀ pé esùsú ló kún etí omi tirẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo ń fi kọfí sí ọbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti di aya,
Saimi.


Eskilstuna,
Ọjọ́ ogún oṣù Kejì, 1969.

Saimi ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mo kí ọ, mo kí Reino, mo kí Lahja pẹ̀lú, nítorí ó jọ pé ọjọ́ kan náà ni ọkùnrin yẹn gbé ìyàwó méjì, mi ò sì mọ èwo nínú yín ni ìyáálé.

Orúnkún mi ń dùn mí. Aune ṣì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí o béèrè nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé rẹ, mo ń wá ibi tí o ti sọ irú èèyàn tí ọkọ rẹ jẹ́. Mo rí i pé ó ń hanrun. Mo rí iye àga tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo rí àwọ̀ ihò èéfín rẹ̀. Mo rí bí omi ṣe jìn tó létí èbúté mi, èyí tí mo ti mọ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Nígbà tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire, wá fẹ́ mi, eyín mi ló wò. Kò wọn ibú omi bàbá mi.

Ẹ kú orí ire. Ọmọbìnrin mìíràn á fẹ́ ọkọ tó fẹ́ràn ìbàdí rẹ̀. Tìrẹ fẹ́ràn àpáta tó dà gbọnrangandan.

Ní ti sáúnà, jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí ayọ̀ máa ń mú èèyàn gbàgbé. Inú sáúnà yẹn ni mo bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ìwọ lo pẹ́ jù. Orí àga òkè ni mo wà, mo ń di igi ògiri mú, ìyá bàbá rẹ sì ń da omi sórí òkúta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí òtútù má baà mú ọ nígbà tí o bá dé. Inú rẹ̀ náà ni mo ti wẹ bàbá rẹ kẹ́yìn, èmi nìkan, kí wọ́n tó wá gbé e. Ibẹ̀ ni ará Jámánì yóò wá jókòó sí, á máa ya fọ́tò àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí Kolehmainen yóò sì máa sọ fún un pé àṣà wa nìyẹn.

Etí omi Haukiniemi kì í ṣe ẹrù ìyàwó. Mi ò dì í mọ́ ọ.

Kọ̀wé sí mi nípa ọkọ rẹ. Má kọ̀wé nípa omi.

Ìyá rẹ,
Elma.


Haukiniemi,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 1969.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú èébú. Mo ti gba tèmi, mo sì pín ìdajì fún Reino. Ó kà á, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ mọ ìwé kọ." Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ṣé ẹ rí irú ènìyàn tó jẹ́?

Ẹ ní kí n sọ nípa rẹ̀. Ó dáa. Kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó máa ń jẹ ẹja muikku tòun ti orí. Ó ń kọ orin ìsìn, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣì kọ, ṣùgbọ́n tòótọ́tòótọ́ ló fi ń ṣì í kọ. Bí mo bá ní òtútù ń mú mi, kò ní sọ pé "pẹ̀lẹ́", igi ìdáná ni yóò lọ là. Ìbàdí mi náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbàdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàánú sáúnà wa, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni sáúnà tiyín níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí pé abẹ́ ilé alájà mẹ́fà ló wà, pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sára pátákó, pé Ọjọ́bọ̀ ni tiyín láti aago méje sí mẹ́jọ, pé obìnrin kan máa ń kan ilẹ̀kùn bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ìyá mi tó ni etí omi, tó ń tò sórí ìlà láti làágùn! Ṣé èyí ni kí Haukiniemi máa tì pa fún? Kí eku máa wẹ̀ níbẹ̀ ni?

Ìpàdé wáyé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kolehmainen ní ará Jámánì fẹ́ràn kí onílé máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò. Ó ní kí gbogbo wa dìde kí a dán an wò. Màmá, a dìde. Èèyàn mọ́kànlélógún ló dúró nínú ilé ẹ̀kọ́, tí ń wo iwájú. Bí ẹ bá rí ojú Pulkkinen! Ẹni tó bá rí i á ní kí wọ́n sáré pe oníṣègùn eyín. Alága ní, "Ẹ ṣe é bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn." Pulkkinen dáhùn pé, "Inú mi dùn. Báyìí ló ṣe máa ń rí." Lẹ́yìn náà, a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyàwó pásítọ̀ ló gbà wá sílẹ̀, ó ní kọfí ti ń tutù.

Nísinsìnyí, Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Kí ìwé yín tó dé, Kolehmainen bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé ìyá rẹ gbà?" Mo ní, "Kò tíì sọ pé rárá." Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bàbá lọ tọrọ yín lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà kò dáhùn, ó ń wo ojú fèrèsé, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó ti gbà. Ẹni tí kò bá ti sọ pé rárá lórí adágún yìí, bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Kolehmainen kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti tẹ ìwé pélébé fún àwọn ará Jámánì, àwòrán sáúnà wa wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Àwòtẹ́lẹ̀ Reino tí mo sá sórí okùn wà nínú àwòrán náà.

Nítorí náà, ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ẹ jọ̀ọ́". Ó ti di "ẹ gbà mí". Ẹ fọwọ́ sí i, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí ojú ti ọkọ mi lójú ìlú.

Èmi ọmọ yín,
Saimi.


Haukiniemi,
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹta, 1969.

Màmá,

Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Ọkọ̀ lẹ́tà ń dé, ó ń fún Pulkkinen ní ìwé àwòrán ẹ̀rọ ẹlẹ́rìndòdò àti ẹ̀rọ áísìkiriìmù, kò fún mi ní nǹkan kan. Ṣé ara yín le? Bí inú ló ń bí yín, ẹ bú mi, mo ti mọ bí a ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa, Kolehmainen sì mọ̀ ọ́n. Lánàá ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Mo rí i pé ìyá rẹ ṣì ń gbà."

Yìnyín ti ń dún lójú omi. Reino ti fi òróró pa gbogbo ẹ́ńjìnnì. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń yan búrẹ́dì oní-ẹja fún ogójì èèyàn. Ìdùnnú mi kò tíì dín, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ẹ̀yìn.

Saimi.


Haukiniemi,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin, 1969.

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Mo rò pé ẹ ń ṣàìsàn. Mo ti ní kí pásítọ̀ gbàdúrà. A dé ìgbìmọ̀ níjẹta, ilé kún, Reino wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, èmi wọ ẹ̀rín. Kolehmainen dìde, ó ní inú òun dùn láti kéde pé ìwé Ìyáàfin Elma Pesonen ti dé láti Swídìn tààrà sọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Mo di Reino lápá mú! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe! Alága tí kò kọ́kọ́ ka ìwé kí ó tó dìde, ó já a níwájú gbogbo wa, ó gbé ohùn sókè, ó ń kà pé:

"Èmi Elma Pesonen ni mo ni etí omi Haukiniemi. Mi ò gbà kí ọkọ̀ afẹ́ kankan dúró ní èbúté mi, yálà lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Bí alága bá fẹ́ kí ará Jámánì rí ìhòòhò, kí ó bọ́ tirẹ̀."

Ilé dákẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń dákẹ́, ṣùgbọ́n irú èyí, a kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bú jáde láti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá há sẹ́nu ọ̀nà. Pulkkinen ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín fún ará Jámánì ti rí ẹ̀rín rín.

Wọ́n gbé ibi ìdúró fún un lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò gé esùsú rẹ̀, wọn yóò gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa ta áísìkiriìmù fún àwọn èrò. Lahja, ọkọ̀ ọkọ mi, ni yóò máa gbé oníbàárà lọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ kò rò. Bí a ṣe jáde, Kolehmainen fa Reino sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n bí ihò èéfín wa. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Gbé ìyá náà lọ sílé ẹjọ́. Oṣù méjì, etí omi di tiyín." Mo wo Reino. Màmá, mo bẹ̀rù. Mo rántí ìwé yín, gbogbo ọ̀rọ̀ àpáta àti ìbàdí yẹn, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Rárá. Ìyá náà ti sọ̀rọ̀."

Ó dé fìlà rẹ̀, a wakọ̀ wálé. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé irin ìgbékọ̀ lọ sí sáúnà yín, ó ń gbé igun rẹ̀ sókè. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní igi ìsàlẹ̀ ti jẹrà. Mo ní, "Ṣé o kò gbọ́ ni? Kì í ṣe tiwa!" Ó ní, "Igi náà kò mọ̀."

Ẹ ní etí omi ló fẹ́. Etí omi ti lọ. Ó ṣì ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Saimi Halttunen.


Haukiniemi,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún.

Ìyá ìyàwó mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Yìnyín ti lọ. Igi ìsàlẹ̀ ògiri sáúnà yín méjì ti jẹrà, mo ti pààrọ̀ wọn. Òkúta ìdáná ti gbó, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, Saimi ní ẹ̀yin lẹ tò wọ́n. Ọ̀dọ̀ Pulkkinen ni ọkọ̀ ń dúró. Ibùsùn wà nílé fún yín. Saimi ń sunkún nígbà tó bá rò pé mi ò gbọ́.

Reino Halttunen.


Eskilstuna,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, 1969.

Saimi ọmọ mi,

Ọkọ rẹ kọ̀wé sí mi. Mo ka ìlà rẹ̀ fún Aune, ó ní, "Alásọ̀jù ni." Ó mọ àwọn ọkùnrin ìlú wa. Bàbá rẹ fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbé pẹ̀lú mi, kò kọ ju "mo lọ dẹ àwọ̀n" sára bébà lọ.

Mi ò tíì gba nǹkan kan gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ igi. Ọlọ́gbọ́n olè a máa fún ajá onílé ní ẹran. Bóyá ó ń tún sáúnà ṣe de ìgbà tí mo bá kú, èyí tí n óò gbìyànjú láti fi falẹ̀.

Iléeṣẹ́ fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Màá wá lo ọdún Juhannus nílé, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni màá wọ̀ láti Savonlinna ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọdún, màá jókòó láàárín àwọn ará Jámánì bí ará Jámánì. Mo fẹ́ wo ọkùnrin náà nígbà tí kò mọ̀ pé èmi ni. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bí mo bá dé inú ọkọ̀ tó wá kí mi pé "Ẹ káàbọ̀, Ìyá", màá mọ̀ pé ẹnu rẹ ti jò, màá sì gba ọkọ̀ tó ń padà lọ.

Má ṣe búrẹ́dì oní-ẹja fún ogójì èèyàn. Èèyàn kan ni mí.

Ìyá rẹ,
Elma.


Haukiniemi,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, 1969.

Màmá mi ọ̀wọ́n, Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹsẹ̀! Ṣé ẹ délé láyọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi wà níbí tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Bí mo bá ti la ẹnu, ẹ ó ní, "Fún mi ní ṣúgà." Nísinsìnyí tí òkun wà láàárín wa, màá sọ tèmi.

Mi ò sọ fún un! Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi pa á mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo fọ èbúté, mo gbé igi tútù eléwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí a ṣe ń ṣe lọ́dún Juhannus, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ óò sọ ẹni tí ẹ jẹ́, Reino á ya ọkọ̀ sí èbúté, èmi á sì sunkún. Mo ti pèsè ìnujú.

Mo rí Lahja tó yọ lẹ́yìn erékùṣù. Mo rí yín níwájú, ẹ dìde, ẹ ń nawọ́ sí èbúté, ẹnu yín ń lọ sókè sódò. Mo rí Reino tó ṣí fìlà fún yín. Mo ní, ó ti mọ̀ wọ́n! Mo gbé kọfí sókè!

Ọkọ̀ kọjá lọ.

Màmá, ẹ kọjá lọ bí ìlú tí a rí lójú fèrèsé ọkọ̀ ilẹ̀. Ará Jámánì méjìdínlógójì ń juwọ́ sí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ń ju ìkúùkù. Mo jókòó sórí àpáta, mo rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dànù sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Lẹ́yìn wákàtí kan ni mo rí yín nínú igbó, ẹ ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pulkkinen, kìlómítà mẹ́rin, Reino sì ń tẹ̀lé yín pẹ̀lú àpótí yín léjìká. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó ní fún mi pé, "Ìyá rẹ dé," ó sì padà lọ bá àwọn ará Jámánì tó fi sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù.

Mo bi í ní alẹ́ yẹn ohun tí ẹ jọ sọ. Ó ní, "Ó ní kí n dúró. Mi ò dúró." Ohun tí mo rí gbà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wọ sáúnà ní Sátidé mẹ́ta, ẹ fọwọ́ pa igi tuntun náà, ẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ lọ, ẹ kò sọ nǹkan kan. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ìwé kankan mọ́, mo ṣèlérí. Mo kàn fẹ́ mọ̀: ọkọ mi ńkọ́, Màmá?

Èmi ni,
Saimi yín.


Eskilstuna,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje, 1969.

Saimi,

Mo délé. Orúnkún mi tí ó ti ń san tẹ́lẹ̀ ti rántí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ kú ẹ̀rín o. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti inú ọkọ̀, omi máa ń gbé ohùn, ìwọ ló yẹ kí o mọ̀.

Ohun tí a sọ nìyí, níwọ̀n bí ìwọ ti fẹ́ ọkùnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ bí ẹni tọ́jú ìṣáná lọ́jọ́ òjò. Nígbà tí mo rí èbúté mi, mo rí òrùlé, mo rí ìwọ, ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde, mo lọ bá a nídìí ọkọ̀. Mo ní, "Dúró níbẹ̀ yẹn."

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Pulkkinen la ti ń dúró, Màmá."

Mo ní, "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́? Èmi ni Elma Pesonen. Èbúté mi nìyẹn. Ọmọ mi ló dúró lórí rẹ̀."

Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn." Ó tún un dé. Kò dín eré kù.

Mo ní, "Ṣé etí rẹ di ni?"

Ó ní, "Elma Pesonen ti kọ̀wé pé kí ọkọ̀ afẹ́ kankan má ṣe dúró níbẹ̀, yálà lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n kà á létí mi."

Mo ní, "Èmi náà ni mo ń sọ fún ọ nísinsìnyí pé kí o dúró!"

Ó wo àwọn ará Jámánì tó wà lẹ́yìn mi, ó ní, "Bí mo bá dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀yin, Ìyá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá dúró nítorí wọn." Ojú omi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Ilé mi kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo bú u títí a fi dé ọ̀dọ̀ Pulkkinen. Mo bú ìyá rẹ̀, ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Obìnrin Jámánì kan ń ya fọ́tò mi, ó dá mi lójú pé wọ́n ti lẹ̀ mí mọ́ ìwé pélébé Kolehmainen báyìí. Ọkọ rẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpótí mi, ó ní òun lè fi ọkọ̀ àjẹ̀ tù mí padà. Mo ní mo ní ẹsẹ̀. Ìdí tí mo fi rìn nìyẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a débẹ̀, mo wẹ̀yìn, mo rí i pé bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ti bó o lẹ́sẹ̀, kò sì sọ.

O bi mí nípa ọkọ rẹ. Aune bi mí náà. Mo ní ó burú, ó le bí àpáta, kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ rẹ yóò sì jọ ọ́. Má jẹ́ kí ó lọ sí ibì kankan.

Ìwé wà nínú àpòòwé yìí, mo ti fọwọ́ sí i, mo ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Èbúté nìkan ni mo gbà kí Lahja máa dúró sí. Sáúnà kò sí nínú rẹ̀, kò sì ní sí. Sọ fún Kolehmainen kí ó ya àwòrán tirẹ̀. Bí ará Jámánì bá fẹ́ làágùn, kí Reino kọ́ òmíràn fún wọn lẹ́yìn ọgbà adìyẹ, kí ó jìnnà sí tèmi, kí wọ́n sì máa wọ aṣọ ìwẹ̀ wọn nínú ẹ̀ níbẹ̀ bí wèrè.

Kí ó kọ́ ọ kíákíá. Lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ Pulkkinen.

Ìyá yín,
Elma.